“Kò Jìnnà, Iwájú Níbẹ̀ Yẹn Náà Ni”: Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Ń Wọn Ọ̀nà

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Àgbádárígì, tí ẹ sì béèrè ọ̀nà Topo lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó ti àgbọn tó ń tà, ẹ má retí pé yóò dárúkọ kìlómítà fún yín. Ó lè jẹ́ èdè Ògù ni yóò kọ́kọ́ fi kí yín, kí ó tó yí i sí Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni yóò wo ẹsẹ̀ yín, yóò wo orí yín, yóò wo ẹ̀yìn yín. Bí ẹrù bá wà lórí tàbí tí ọmọ bá wà lẹ́yìn, yóò ní, “Há, ó jìnnà o, ẹ gun ọ̀kadà.” Bí ó bá rí i pé ọwọ́ lásán lẹ gbé wá, yóò fi ẹnu júwe iwájú, yóò ní, “Kò jìnnà, iwájú níbẹ̀ yẹn náà ni.” Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ìdáhùn rẹ̀ di méjì.

Àwa tí a ti di ará ìlú ńlá a máa fi irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. A ní ará oko kò mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó, pé ibi tó bá pè ní “iwájú níbẹ̀ yẹn” lè gba odindi ọ̀sán kan lọ́wọ́ ẹni. Èrò tèmi yàtọ̀. Ìyá yẹn mọ ohun tí ó ń wọ̀n. Kì í ṣe ilẹ̀ ló ń wọ̀n, ẹni tí yóò rin ilẹ̀ náà ni. Òṣùwọ̀n yìí ló gbé àwọn baba wa rin gbogbo ọ̀nà tó wá sí etíkun yìí, ó sì ti ń parẹ́ lẹ́nu wa díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé a bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ohun tó bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ara ènìyàn la fi ń wọ̀n ọ́n: ìka, àtẹ́lẹwọ́, ìgbọ̀nwọ́, ẹsẹ̀. Bí ó bá kúrò lójúde, ojú ló kàn. Ẹni tí a rí lọ́ọ̀ọ́kán ni ẹni tí ojú ti tó, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ kò tíì tó. Bí ó bá kọjá ojú, etí gbà á: abúlé tí a ti ń gbọ́ àkùkọ wọn kò jìnnà sí wa, bí igbó tilẹ̀ bo òrùlé wọn mọ́lẹ̀. Lójú ogun àti nínú igbó ọdẹ, agbára apá ni òṣùwọ̀n: ìwọ̀n ìsọ̀kò, ìwọ̀n ìtafà. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá dé ibi tí Hágárì ti lọ jókòó lókèèrè kí ó má baà rí ikú ọmọ rẹ̀, wọn kò níláti wá ọ̀rọ̀ káàkiri. Ọfà kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ yìí. Ní Topo pàápàá, níbi tí ọ̀sà wà ní apá kan tí òkun sì wà ní apá kejì, ariwo ìgbì náà tó òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń rìn lóru mọ̀ láti inú rẹ̀ bóyá òkun ni òun ń sún mọ́ tàbí ọ̀sà.

Bí ibi tí a ń sọ bá wá jìnnà ju èyí tí ojú àti etí lè mú lọ, ohùn fúnra rẹ̀ ni yóò gùn. “Ọ̀hún” súnmọ́ díẹ̀, “lọ́hùn-ún” jìnnà, ṣùgbọ́n “lọ́hùùùùn-ún,” tí a fà títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí a sì na ọwọ́ sókè kọjá orí, ìyẹn ni ibi tí ènìyàn kì í lọ láìdágbére fún ará ilé. Bí ohùn bá ṣe gùn tó ni ọ̀nà ṣe gùn tó. Àwa akọ̀wé kò tíì rí àmì tí a ó fi kọ ìyẹn sílẹ̀, mo sì rò pé ara ohun tó mú kí a máa fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: a gbé e sórí ìwé, ó bọ́ ẹwà rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ ní tiwọn ya oko sí méjì, oko etílé àti oko egàn. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 kí ó tó di pé a tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kò gbàgbé láti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ wo bí ọgbọ́n inú rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó. Oko etílé ni oko tí a lè jí lọ, kí a sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Oko egàn ni èyí tí a ó ti kọ́ ahéré sí, tí a ó sùn síbẹ̀, tí iyàwó yóò ti dáná síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi okùn wọn ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àgbẹ̀ yóò fi orí lé lálẹ́ ni ààlà wọn.

Oòrùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. “Bí ẹ bá jáde ní àkùkọ àkọ́kọ́, oòrùn ìyálẹ̀ta ni yóò bá yín débẹ̀.” Gbólóhùn yìí sọ ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ìgbà tó yẹ kí ẹ gbéra, ìgbà tí ẹ ó dé, àti pé ẹ kò ní rìn nínú ooru ọ̀sán gangan. Máìlì mẹ́jọ kò lè sọ ju máìlì mẹ́jọ lọ. Bí ó bá wá kọjá ti òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, a di ọ̀rọ̀ ìrìn ọjọ́ kan, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, ìrìn ọjọ́ méje. Àwọn kan a máa sọ pé òṣùwọ̀n yìí kò dúró lójú kan, pé ìrìn ọjọ́ kan ọdẹ yàtọ̀ sí ti aláboyún. Òótọ́ ni. Àwọn tó ń lò ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wo ẹsẹ̀ àlejò kí wọ́n tó dáhùn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ibùsọ̀. Lónìí, ibùsọ̀ ni a fi ń túmọ̀ máìlì nínú ìròyìn àti nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé yóò sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ibi tí a ń gbé ni ibùgbé. Ibi tí a ń sùn ni ibùsùn. Ibi tí a ń jókòó ni ibùjókòó. Ibùsọ̀ wá ni ibi tí a ti ń sọ̀, ìyẹn ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ aláàárù ni. Ẹni tó ti ru epo, obì tàbí iyọ̀ láti ìdájí, tí oṣùká ti wọ̀ ọ́ lórí, tí ọrùn ti le gan-an, yóò dé abẹ́ igi ńlá kan tàbí etí odò kan níbi tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ń sinmi. Yóò pe ẹni tó sún mọ́ ọn pé, “Ẹ bá mi sọ̀ o.” Àárín ibi tí ó ti sọ̀ lánàá àti ibi tí ó sọ̀ lónìí ni ibùsọ̀ kan.

Nítorí náà, ibùsọ̀ kò lè dọ́gba níbi gbogbo, kò sì yẹ kí ó dọ́gba. Lórí òkè ó kúrú. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ó gùn. Nínú iyanrìn etíkun, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń rì, tí a ń gbé ẹsẹ̀ méjì bí ẹni ń gbé mẹ́rin, ó tún kúrú sí i. Ọrùn ènìyàn ló dá a. Nígbà tí àwọn akọ̀wé mú ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n gbé e lé orí máìlì àwọn òyìnbó, wọ́n bọ́ ẹrù kúrò nínú rẹ̀, wọ́n bọ́ igi àti odò kúrò, wọ́n wá fi ẹsẹ̀ bàtà 5,280 dípò. N kò sọ pé wọ́n ṣe ohun tó burú, nítorí èdè tó bá wà láàyè a máa fi aṣọ àtijọ́ rán tuntun. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ìròyìn kan tún ti ń pe kìlómítà ní ibùsọ̀ báyìí, débi pé òǹkàwé kò mọ èwo ni ó gùn ju èkejì lọ mọ́.

Àgbádárígì wà lára àwọn ibi tí òṣùwọ̀n méjèèjì ti kọ́kọ́ forí gbárí nílẹ̀ wa. Ní ìparí ọdún 1825 ni Hugh Clapperton, ará Scotland, gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ tí Richard Lander, ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, wà lára wọn. Wọ́n ń lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní Katunga. Bí a bá fa ìlà tààrà lórí àwòrán ilẹ̀, ohun tó wà láàárín ìlú méjèèjì lé díẹ̀ ní ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà. Wọ́n gbéra ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Oṣù Kìíní 1826 ti ń lọ sópin kí wọ́n tó dé. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé kò tó kìlómítà mẹ́jọ lójúmọ́. Ṣé wọn kò lè rìn ni? Àìsàn ni. Méjì nínú wọn, Pearce àti Morrison, kò fojú kan Ọ̀yọ́. Ọ̀nà ni wọ́n kú sí. Àwọn aláàárù ni a ní láti wá ní ìlú dé ìlú. Ọba ìlú kọ̀ọ̀kan ni a ní láti kí. Bodè ni a ní láti kọjá, bíi ti Ìjànà níbi tí ìjọba Ọ̀yọ́ ti ń ṣọ́ ọ̀nà etíkun. Ohun èlò tí Clapperton fi ń wo oòrùn àti ìràwọ̀ sọ ibi tó wà lórí ilẹ̀ ayé fún un, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọjọ́ tí yóò dé. Ará Ẹ̀gbádò tó bá bi í pé ọjọ́ mélòó ni, pé bodè mélòó ló kù, ìbéèrè tó bá ọ̀nà mu ló bi í.

Ìtàn kejì ni ti Samuel Àjàyí Crowther, òun ni ó sì dá mi lójú jù. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá ni ní 1821 nígbà tí a kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣóògùn. A tà á, a tún un tà, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi dé Èkó, tí a sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi ní 1822 kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀. Nígbà tí ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ nínú lẹ́tà kan ní 1837, kò fi máìlì ṣe òpómúléró rẹ̀. Ìlú tí a mú un dé, ẹni tí a tà á fún, ohun tí a fi pààrọ̀ rẹ̀, iye ìgbà tí ó lò níbẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ka ọ̀nà náà. Ẹrú kò ní ibùsọ̀ tirẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ẹrù.

Ní oṣù Kìíní 1845, Crowther, tí ó ti di àlùfáà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárígì pẹ̀lú Henry Townsend àti Gollmer. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Townsend ti débẹ̀ rí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843, Ṣódẹkẹ́ sì ti gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Láti Àgbádárígì dé Abẹ́òkúta kò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà bí a bá fà á tààrà. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú kí wọ́n tó gúnlẹ̀, ogun sì wà lójú ọ̀nà. Ọ̀nà dí. Ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó sí Àgbádárígì, tí wọ́n ń kọ́ ilé, tí wọ́n ń wàásù, tí wọ́n ń béèrè lójoojúmọ́ bóyá ọ̀nà ti là. Ìparí oṣù Keje 1846 ni ọ̀nà tó là fún wọn. Wọ́n rìn ín nínú òjò àti ẹrẹ̀, wọ́n sì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù náà, Crowther fojú kan ìyá rẹ̀ tí kò rí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ẹ wá sọ fún mi, báwo ni Abẹ́òkúta ṣe jìnnà sí Àgbádárígì tó? Ìdáhùn àwòrán ilẹ̀ ni pé kò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ìdáhùn ẹsẹ̀ ni pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan nínú òjò. Ìdáhùn Crowther ní 1845 ni pé kò tíì ṣe é dé. Mo rò pé ìdí rèé tí àwọn àgbà wa fi máa ń ṣàdúrà pé kí á má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Nínú òye wọn, ọ̀nà kì í ṣe ilẹ̀ gbọọrọ lásán. Ó máa ń là, ó máa ń dí, ebi a máa pa á, ó sì máa ń yó.

Odò kan tún wà tí ó kúrú, tí kò sì sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n. Láti etí ọ̀sà Àgbádárígì sọdá sí Gbẹ́rẹ́fú, ìtukọ̀ ìgbà díẹ̀ ni. Àwọn tí a kó kọjá níbẹ̀ láyé òwò ẹrú, tí wọ́n rin iyanrìn náà dé etí òkun, ìrìn wọn kò tó ti ẹni tó ń lọ sí oko etílé. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe ojú ọ̀nà náà ní ibi tí a kì í ti í padà bọ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fi ń wọn ọ̀nà lédè wa, n kò rí èyí tí ó wúwo tó o.

Topo fúnra rẹ̀ wọ inú ìtàn náà ní 1876, nígbà tí àwọn àlùfáà Àgùdà láti ilẹ̀ Faransé, ọmọ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní 1856, tẹ abúlé àgbẹ̀ kan dó síbẹ̀, tí wọ́n sì gbin àgbọn. Àwọn Faransé yìí wá láti ibi tí wọ́n ti ń fi kìlómítà wọn ọ̀nà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ní Èkó, máìlì ni tiwọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà tó gba ẹ̀gbẹ́ Àjàrá kọjá. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbéra ní Topo lọ sí Èkó ń rin máìlì, ẹni tó bá kọjú sí Àjàṣẹ́ ń rin kìlómítà. Ọ̀sà kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni, ìyá kan náà ló ń ta ẹja ní ìhà méjèèjì. Lójú tirẹ̀, ọjà Àjàṣẹ́ jìnnà bí ìgbì bá ga, ó sì sún mọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn wá.

Máìlì dúró títí di àwọn ọdún 1970. Ìgbà náà ni ìjọba yí ohun púpọ̀ padà fún wa lẹ́ẹ̀kan: ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 a kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973 pọ́n-ùn di náírà, kìlómítà sì gba ipò máìlì. Ọdún 1973 yẹn kan náà ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ASCON, sílẹ̀, tí ó wà ní Topo di òní. Lẹ́yìn èyí ni títì ńlá Èkó sí Àgbádárígì dé. Ṣùgbọ́n máìlì kò lọ tán. Ó sá pamọ́ sínú orúkọ ibùdókọ̀: Mile 2 ní ẹnu títì Àgbádárígì, Mile 12 ní Kétu. Máìlì méjì sí ibo? Ọ̀pọ̀ àwa tí a ń wọkọ̀ níbẹ̀ kò béèrè rí. Ó ti di orúkọ ibi tí a ti ń sọ̀kalẹ̀, tí a ti ń sọ ẹrù, tí a ti ń mu omi tútù kí a tó wọ ọkọ̀ mìíràn. Lọ́rọ̀ kan, máìlì ti padà di ibùsọ̀.

Títì yìí ni ó wá dá wa padà sí òṣùwọ̀n àwọn baba wa, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Láti àárín Èkó dé Àgbádárígì kò ju nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà lọ. Ẹni tó bá sọ fún àlejò pé ọgọ́ta kìlómítà ni, kó máa lọ, ti tàn án jẹ. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kòtò, iṣẹ́ títì tí kì í tán, àwọn agbófinró tí wọ́n dúró ní ibi púpọ̀ bí oníbodè ayé ọjọ́un: nínú ìwọ̀nyí ni ìrìn-àjò náà wà. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà mẹ́tàlá, ìyẹn sì ti mú ibi kan sún mọ́ ibòmíràn láìjẹ́ pé ilẹ̀ yí padà. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wa pàápàá ti gbọ́n. Bí ẹ bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, iye wákàtí ni yóò kọ gàdàgbà síwájú, yóò sì fi àwọ̀ pupa kun ibi tí ọ̀nà ti dí. Kìlómítà ni yóò kọ tín-ín-rín sí ìsàlẹ̀. Ìyá alágbọn kò lo iná mànàmáná láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ̀rọ náà kò tíì kọ́. Bí ẹ bá pàdé àgbà lọ́nà oko, tí ó ti rẹ̀ yín, tí ẹ sì bi í pé ó kù ibo, yóò ní, “Kò jìnnà mọ́.” Nígbà mìíràn irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òṣùwọ̀n ilẹ̀ rárá. Ó ń bá yín gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà ni.

Ní Mile 2, lójú ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń ké pé, “Àgbádárígì! Àgbádárígì, ó ku ẹnì kan!” Àwọn èrò tó fẹ́ wọlé kì í béèrè bí ó ti jìnnà tó. Wọ́n á fi ọwọ́ kan di ẹrù mú, wọ́n á yọ orí sí awakọ̀, wọ́n á bi í ní ohun tí Crowther ń béèrè ní etí ọ̀sà yẹn ní 1845: “Ṣé ọ̀nà ń lọ?”